Òwú Funfun fún Ọrùn-Ọwọ́ Tọ́pẹ́

Chadwell Heath,
Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Tọ́pẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Bébà kékeré kan wà nínú àpò lẹ́tà yìí tí mo ká ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Má tíì tú u. Mo mọ̀ ẹ́: láti kékeré ni o ti máa ń já ẹ̀bùn kí o tó ka káàdì tó wà lórí rẹ̀. Ti òní, jọ̀wọ́, ka káàdì ṣáájú.

Màmá rẹ kí ọ. Ó jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń wò mí. Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, fóònù ńkọ́? Ọmọ tí ẹ lè pè nísinsìnyí kó gbé e, ẹ wá ń kọ̀wé sí i bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n." Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ohun tí mo sì fẹ́ fi ránṣẹ́ kò lè gba inú fóònù kọjá. Ó ní, "Ẹ ṣáà ti bẹ ọmọ náà níbẹ̀," ó sì padà sí ẹ̀wà rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ sí Tàìláǹdì láti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, o kúnlẹ̀ níwájú mi nínú pálọ̀. Àpótí rẹ méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. O tẹ orí ba, o ń dúró de ọwọ́ mi, bí o ṣe máa ń ṣe ṣáájú gbogbo ìdánwò láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Èmi tí mo ń gbé ọwọ́ lé orí ọmọ ọlọ́mọ ní ìjọ wa lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, mo kó ọwọ́ méjèèjì sápò. Mo ní, "Ó dáa, dìde, kí rélùwéè má fi ẹ́ sílẹ̀." O dúró díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kí o tó dìde. Mo rí i pé o dúró.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni o ti kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Dádì, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo fi àwòrán àtàǹpàkò dá ọ lóhùn. Àtàǹpàkò kì í ṣe èsì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, Àbẹ̀kẹ́, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí mo kó sápò.

Ìbínú wà níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́. O kàwé òfin, o níṣẹ́ gidi ní Stratford, o fi í sílẹ̀, mo sì sọ fún màmá rẹ pé nítorí fíìmù àwọn ará Tàìláǹdì ni. Mo gbàgbé láti sọ fún un pé èmi náà ń wo fíìmù náà. Ṣé o rántí? Ìwọ á wà lórí àga gígùn, èmi á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ, títí ìtàn á fi parí. Èyí tí ìyá ọkọ ń fi ojú pa ìyàwó ilé rẹ́ yẹn, ìwọ lo wá sùn lọ, èmi ni mo bi ọ́ lọ́jọ́ kejì pé ṣé ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn ti sọ òótọ́. O rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí mo rí nínú wọn nìyí: ọmọdé tó bá fẹ́ kọjá níwájú àgbà á tẹ̀ ba kó má baà ga ju àgbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á bọ́ bàtà. Akànṣẹ́ wọn, kó tó ju ẹ̀ṣẹ́ kan, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀, á júbà ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Mo sọ ọ́ nígbà náà pé ẹni tó kọ́ àwọn wọ̀nyí nílé kọ́ wọn dáadáa. Nítorí náà, mo mọ ohun tó ń fà ọ́. Mo kàn fẹ́ kí ó máa fà ọ́ nínú pálọ̀ mi ni.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn kìíní.

Kí n tó wá sí ìlú yìí, o mọ̀ pé tíṣà ni mí ní ilé-ìwé girama kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni irú tíṣà tí mo jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ wọn, òfin mi sì ni pé ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì mi yóò gbé pákó kan kọ́ ọrùn títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i pé òmùgọ̀ kíláàsì ni ẹni tó gbé e kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo rò pé mò ń ṣe wọ́n lóore. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, tí pákó náà kò kan ọrùn rẹ̀ rí, nítorí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Mo máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sókè. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó fi ọwọ́ kejì di ikùn mú. Mo ní, "Ní Gẹ̀ẹ́sì, Rẹ̀mílẹ́kún." Ó jókòó. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ló ti orí bẹ́ńṣì ṣubú. Ìfun rẹ̀ ló wú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yè. Ọpẹ́ rẹ̀ kò kàn mí. Nígbà tí mo lọ wò ó, kí n tó sọ ohunkóhun, ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ náà."

Ó ń bẹ̀ mí, Tọ́pẹ́. Mo padà sí kíláàsì, mo ti pákó náà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò jó o níná. Ìgboyà mi kò tó bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ màmá rẹ tó fi dandan lé e pé kí o máa ka Yorùbá nílé, ǹ bá gbé pákó kan náà kọ́ ọ lọ́rùn nígbà tí a wà ní Dagenham.

Nítorí náà, kí o tó kọ́ wọn ní ohunkóhun tó wà nínú ìwé, kọ́ wọn ní èyí: ibí ń dùn mí, ẹ̀rù ń bà mí, ó yé mi, kò yé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ. Ẹni tó bá lè sọ àwọn yẹn kò ní kú sínú kíláàsì rẹ. Ìwọ náà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n ní èdè tiwọn, kí o sì jẹ́ kí wọ́n rí ọ bí o ṣe ń ṣì wọ́n pè. Ọmọ tó ti fi tíṣà rẹ́rìn-ín kò ní bẹ̀rù kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òun rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ro ti tíṣà débi pé wọ́n á mi orí pé ó yé wọn, kí ìdààmú má baà bá a. Má gba mímì orí gbọ́. Ní kí wọ́n fi ohun tó yé wọn ṣe nǹkan. Èyí tó mi orí jù, tó dákẹ́ jù, lọ jókòó tì í.

Ìkejì jẹ mọ́ ìgbéraga, ó sì jẹ mọ́ tòmátì.

Nígbà tí mo dé London, ilé ìdáná ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, mò ń fọ abọ́. Ìyáàfin ará Tàìláǹdì tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ ni Nọ́ì. Ìwọ mọ̀ ọ́n sí àǹtí tó máa ń fún ọ ní ìrẹsì tó lẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ bù bí òkèlè; ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, Gẹ̀ẹ́sì tó ní kò kún apẹ̀rẹ̀ kékeré. Tèmi kún ilé. Mo ti ka àwọn ìwé ńláńlá tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin tó ń gbé ẹ̀fọ́ wá já páálí tòmátì kan sílẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rà. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to gbólóhùn nínú orí mi: inú mi yóò dùn gidigidi bí ẹ bá lè fi sùúrù gbé e yẹ̀ wò. Mò ń wá ibi tí n ó fi "gidigidi" sí ni ọkùnrin náà ti wọ inú ọkọ̀. Nọ́ì sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó fi tòmátì kan hàn án láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ó ní, "Ìwọ, jẹ ẹ́. O ò jẹ? Bàbá àgbà náà ò jẹ. Gbé e." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé e. Kódà ó dúpẹ́.

Nọ́ì wá kọjú sí mi. "O kàwé?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà ni mí."

Ó ní, "Ó dáa. Lọ́la, kà á sókè."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti ń pa mí lẹ́rìn-ín láti ogún ọdún báyìí. Àbẹ̀kẹ́, bí ọmọ kan bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó wọ́ gba nǹkan tó ń fẹ́, má dá a dúró láti to ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́ kó gbà á ná. Títò á tẹ̀lé e.

Ìkẹta ni èyí tó kàn ọ́ jù, nítorí ọwọ́ rẹ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ní ìjọ wa, kò sí ọmọ tí o kì í fọwọ́ pa lórí.

Ìròyìn dé bá Nọ́ì níbi iṣẹ́ pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní ìlú wọn. Mo bá a lẹ́bàá fìríìjì ńlá, ó ń fi épírọ́ọ̀nù nu ojú. Mo sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò ṣe: mo bọ́ bàtà, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí, mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà lóhùn òkè. Ìgbà tí mo lajú, ọwọ́ mi wà lófuurufú. Nọ́ì ti dúró sí ìdí sítóòfù, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Kò bínú sí mi lójú ayé. Ó ń kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan péré ló yí padà: kò pè mí ní Pí Dáyọ̀ mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀ ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, èmi rò pé ó kàn fẹ́ràn ìró rẹ̀ ni. Ní báyìí, Mísítà ni mo dà. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan tó ti gbé ní ìlú wọn rí ló là mí lóye pé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè ní pí. Obìnrin yìí ti ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ̀. Ìgbà tó gbà á padà ni mo tó mọ̀ pé mo ní i. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ẹ̀bẹ̀ sínú ìwé tí mo máa ń kọ kí n tó sùn. Gbólóhùn ńlá, mo pa á rẹ́. Òmíràn, mo pa á rẹ́. Nígbà tó yá, mo lọ bá a níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì, mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Sọ fún mi."

Ó wò mí títí, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi, mo jókòó. Ó ní ní ìlú àwọn, inú ènìyàn ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní kwán wà, orí ló sì fi ṣe ilé. Òun ló ń mú ènìyàn dúró ṣinṣin. Bí ẹ̀rù bá bani tàbí tí a bá rìn jìnnà, ó lè ṣí kúrò, kó máa rìn kiri. Nítorí náà, a kì í ṣàdédé fọwọ́ kan orí àgbàlagbà. Mo ní, "Nọ́ì, àwa náà ní Orí. Àwọn àgbà wa ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀."

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ wá gbé ọwọ́ lé e?"

Mo ní, "Nítorí pé ó ga. Ibẹ̀ la ti ń súre."

Ó ní, "Àwa náà, nítorí pé ó ga la ò ṣe fọwọ́ kàn án. Ọrùn-ọwọ́ ni àwa ń so." Ó ṣàlàyé pé bí ọmọ bá fẹ́ rìnrìn-àjò, àwọn àgbà á so òwú funfun mọ́ ọn lọ́rùn-ọwọ́, wọ́n á máa súre bí wọ́n ṣe ń ta kókó rẹ̀, kí kwán má baà ṣìnà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Pí Dáyọ̀, ẹ bá mi gbé ìkòkò yìí." Ìkòkò náà wúwo. Mo fi ayọ̀ gbé e.

Nítorí náà, pa ọwọ́ rẹ mọ́ kúrò lórí àwọn ọmọ yẹn, bí wọ́n ṣe wulẹ̀ rẹwà tó. Má na ẹsẹ̀ sí ènìyàn bí o bá jókòó sílẹ̀. Bí ọjọ́ tí wọ́n ń júbà tíṣà bá dé, tí wọ́n kó òdòdó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ, mo mọ̀ pé ìtìjú á fẹ́ pa ọ́, ìwọ ọmọ tó dàgbà sí Dagenham. Má fà wọ́n dìde. Jókòó, gba òdòdó, kí o sì súre fún wọn. Má ṣe bí bàbá rẹ ti ṣe.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́. Màmá rẹ ti gbé ẹ̀wà kaná. Ó ní, "Ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́?" Mo ní mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ kí Nọ́ì ní Rush Green. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tó fi bi mí pé, "Pí Dáyọ̀, Tọ́pẹ́ ti dé ìlú mi?"

Mo ní, "Ó ti dé. Ilé ìyá àgbà kan ló ń gbé. Yáàì ló ń pè é."

"Yáàì dáa. Ìyá-ìyá ni. Ẹ so òwú fún Tọ́pẹ́ kó tó lọ?"

"Rárá."

"Ẹ gbàdúrà, bíi tiyín? Pẹ̀lú ariwo?"

Mo bọ́ bàtà kejì.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọmọ rìn jìnnà tó yẹn, ẹ ò ṣe nǹkan kan? Kwán rẹ̀ dà? Ó ṣì wà ní pálọ̀ yín. Ó ń wá ọwọ́ yín."

Mo wá sọ fún un ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí. Lábẹ́ ìbínú mi lọ́jọ́ náà, nǹkan mìíràn wà. Mo ti gbé ọwọ́ lé orí ènìyàn púpọ̀. Àwọn kan ríṣẹ́, àwọn kan kò rí. Àwọn kan yè, àwọn kan kú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi nínú ìwé mi pé èwo nínú gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ mi ṣe. Ní ìjọ, mo lè máa ṣe é lọ. Àwọn tó kúnlẹ̀ gbàgbọ́, ìgbàgbọ́ wọn tó fún èmi àti àwọn. Ṣùgbọ́n ìwọ ni o kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ tí mo bí, tí o ń lọ sí ibi tí n kò lè dé kíákíá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi, mi ò mọ̀ bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ fún ọ ní ọwọ́ òfìfo. Mo wá kó o sápò. Àgbà wà nínú pálọ̀, orí ọmọ sì wọ́.

Mo bi Nọ́ì pé, "Òwú yẹn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún ti di tíṣà. Èmi ò mọ̀. Ìyá mi so ó fún mi. Mo dé London, òtútù mú, mi ò gbọ́ èdè ẹnì kankan. Mo wo ọwọ́ mi, mo rí ìyá mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó já fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn, mo ti mọ ọ̀nà ọjà."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ìgbàgbọ́, Tọ́pẹ́, kò sí èyí tó dá mi lóhùn tó bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé o kò bi mí lọ́jọ́ yẹn bóyá nǹkan wà nínú ọwọ́ mi. Ọwọ́ náà lo ń fẹ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Ó yá, tú bébà náà báyìí.

Ìṣẹ́tí sùtánà mi ni mo ti fa òwú yẹn yọ ní àárọ̀ yìí, sùtánà tí o máa ń lọ̀ fún mi lálẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Màmá rẹ rí mi, ó ní ta ni yóò rán etí aṣọ náà padà. Mo ní kó wà bẹ́ẹ̀. Mú òwú náà lọ bá Yáàì. Sọ fún un, ní ìwọ̀nba èdè wọn tí o ti gbọ́, pé bàbá rẹ ló fi ránṣẹ́. Bí o bá ṣì í pè, yóò yé e. Kúnlẹ̀ fún un, kó so ó mọ́ ọ lọ́rùn-ọwọ́ ọ̀tún. Bó ṣe ń ta kókó, yóò máa súre ní èdè tí n kò gbọ́. Ṣe àmín sí i. Èmi náà ti ṣe àmín sí i láti ibí.

Tẹ orí ba nígbà náà, bí o ṣe tẹ̀ ẹ́ ba lọ́jọ́ yẹn nínú pálọ̀ wa, kí o sì dúró díẹ̀ kí o tó dìde.

Èmi ni, tí ọwọ́ mi pẹ́ kó tó dé,
Bàbá rẹ.